Ìkòkò Alángbá Mẹ́jọ

Josiah Àjàní gba iṣẹ́ Adétutù, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ohun tó ṣòroó gbọ́ nínú rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlélógún ló wà nínú kíláàsì lọ́jọ́ náà, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń wọlé lójú fèrèsé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di bàbá ọmọ àti ìyá ọmọ báyìí. Ẹ bi èyíkéyìí tí ẹ bá rí nínú wọn. Ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà á wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọdún 1992 ni. Adétutù jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, olùkọ́ tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan lẹ́yìn Alákíà, níbi tí ariwo ọkọ̀ òfuurufú ti máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ olùkọ́ lẹ́nu. Ó ti fi ọdún méjì gbáko to ẹ̀kọ́ kan jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kejì: ìtàn ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ṣáínà láyé àtijọ́. Bí wọ́n ṣe ń fi èèpo igi ṣe ìwé. Bí wọ́n ṣe ń yọ́ irin. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ kànga iyọ̀ wọnú àpáta. Nígbà tó kọ́kọ́ dá a lábàá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ṣáínà? Ní Alákíà níbí? Tutù, tọ́ọ̀ṣì nìkan la mọ̀ wọ́n mọ́ o."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó mú àwàdà tọ́ọ̀ṣì yẹn, ó fi bẹ̀rẹ̀ kíláàsì rẹ̀ àkọ́kọ́. Àmọ́ kò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Ó gbà pé ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ àti làákàyè rẹ̀ ṣe, orúkọ rẹ̀ ló yẹ kí a máa pè mọ́ ọn, ì báà jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún ọdún ti kọjá. Nítorí náà, kó tó sọ ohunkóhun nínú kíláàsì, ó máa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe nǹkan sókè pátákó. Bí wọn kò bá mọ orúkọ ẹni náà, á kọ ọ́ pé: ẹnì kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ ìbéèrè rẹ̀. Wọ́n á jùmọ̀ bi í kó tó bi wọ́n: "Ta ló ṣe é?"

Ohun tó fẹ́ràn jù nínú ẹ̀kọ́ náà ni ìkòkò kan. Ó lé ní ẹgbẹ̀sán ọdún sẹ́yìn tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zhang Heng ṣe ìkòkò idẹ ńlá kan ní ààfin ọba Ṣáínà. Ẹranko mẹ́jọ dorí kodò yí i ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ẹnu há ọmọ idẹ róbótó kan. Ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́jọ lanu sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ wọn. Bí ilẹ̀ bá mì níbi kan, bó ti wù kó jìnnà tó, ọ̀pá inú ìkòkò náà á tẹ̀, ẹranko tó kọjú sí ọ̀hún á jọ̀wọ́ ọmọ ẹnu rẹ̀ sẹ́nu ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́jọ́ kan, ọmọ kan já bọ́. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n lára láàfin. Wọ́n fi ọkùnrin náà ṣẹ̀sín. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni oníṣẹ́ dé láti ọ̀nà jíjìn réré. Ilẹ̀ ti mì lọ́hùn-ún.

Adétutù fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí i. Ó mú àwòrán rẹ̀ lọ bá amọ̀kòkò kan, Mùjíbátù, ní abúlé kan lọ́nà Akáńràn.

"Kí ni ẹran yìí?" Mùjíbátù bi í.

"Ẹnikẹ́ni ò rí i rí, ìyá. Inú ìtàn ló ń gbé."

"Ọwọ́ mi ò lè ṣe ohun tójú mi ò rí." Obìnrin náà wo ara ògiri. "Alángbá wà níbẹ̀ yẹn."

Bó ṣe di alángbá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tún di ti ibi tí wọn yóò kọjú sí. Adétutù ń ṣàlàyé àríwá, ó ń ṣàlàyé gúúsù, Mùjíbátù mi orí.

"Gábàsì lèmi mọ̀, ibi tí à ń kọjú sí kírun. Àkọ́kọ́ á wo ibẹ̀. Àwọn tó kù á to ara wọn yípo."

Ó ku ọrùn ìkòkò náà, kó tó gbẹ, kó tó wọ iná. Mùjíbátù dúró.

"Ta ló ni ín?"

"Ti ilé-ẹ̀kọ́ ni."

"Ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ènìyàn. Ìkòkò omi, mo mọ̀ ọ́n. Ìkòkò ọbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ní kó máa tẹ́tí, nílé tiwa, a kì í gbé irú ẹ̀ wọná láìmọ ẹni tó ni ín."

Ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì ni Adétutù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tí alàgbà ìjọ lè máa wò. Ó ní, "Tèmi ni, ìyá."

Mùjíbátù di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tì í wọ ẹnu ìkòkò náà títí ó fi kan ìdí. "Tẹ̀ ẹ́."

Adétutù fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ náà. Ó tutù. Ó rọ̀. Nínú òkùnkùn ibẹ̀, ó ṣe é bí ẹni pé nǹkan kan tẹ òun náà padà.

Mùjíbátù fún ọrùn ìkòkò náà pọ̀. Ọwọ́ ènìyàn kò lè wọ inú rẹ̀ mọ́.

Wọ́n gbé e lọ sí Alákíà. Adétutù ti ọ̀pá bọ inú rẹ̀, ó fi ọmọ irin tí àwọn mẹkáníìkì yọ nínú bíárìn mọ́tò sẹ́nu alángbá kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ òfuurufú ń kọjá, fèrèsé ń gbọ̀n, ṣọ́ọ̀kì ń yí lórí tábìlì. Ìkòkò náà kò mira. Fún odindi oṣù mẹ́ta, ọmọ kan ṣoṣo kò já. Ó rò pé òun kò ti ọ̀pá náà dáadáa ni.

Nígbà tí ọdún yí, ìyá rẹ̀ ṣubú ní Ẹ̀rúnmu, eegun itan rẹ̀ kán. Josiah Àjàní, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, tó máa ń pè é ní àbúrò mi, sọ fún un pé, "Lọ tọ́jú Màámi. Màá bá ọ mú kíláàsì dání." Adétutù fún un ní ìwé rẹ̀ gbogbo. Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Ó padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìkéde kan wà lára pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Àkọlé ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀ bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Lábẹ́ rẹ̀: Olùdásílẹ̀ àti olùkọ́, J. A. Àjàní.

Ó bá a ní ọ́fíìsì.

"Bọ̀dá Josiah, orúkọ mi dà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tutù, o ò sí nílé nígbà tí wọ́n bèèrè."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Gbogbo wa la jọ sọ ọ́. Àbí o ti gbàgbé?"

"Ẹ ò sọ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ ń jẹ ẹ̀pà."

"Ó dáa, mo jẹ ẹ̀pà." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé orí tábìlì rẹ̀. "Olórí ẹ̀ka ló fọwọ́ sí i. Lọ bá wọn."

"Ìkòkò náà ńkọ́?"

"Ti ilé-ẹ̀kọ́ ni."

"Àtàǹpàkò mi wà nídìí rẹ̀."

"Ta ló máa fọ́ ọ láti wò ó? Ìwọ?"

Olórí ẹ̀ka kò gbójú sókè. Ó ní ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹ̀kọ́ náà wà. Ó ní kó lọ mójú tó ìyá rẹ̀ títí sáà yóò fi parí. Ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀.

Adétutù padà sí Ẹ̀rúnmu. Kò sunkún. Ohun tó ń ṣe é le ju ẹkún lọ. Bó bá ń fọ itan ìyá rẹ̀, ó ń rí Josiah níwájú pátákó. Bó bá ń gún iyán, ó ń gbọ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ṣe ń dá a lóhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ òun. Owú jókòó sí i láyà bí òkúta tí wọ́n gbé sórí ìwé kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Bó bá jí, ó wà níbẹ̀. Bó bá gbàdúrà tán, ó wà níbẹ̀.

Zubaidah, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ọmọ agboolé kejì sí tiwọn ni. Ó wá kí wọn ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè kan.

"Àǹtí, ìkòkò yín ti sọ̀rọ̀."

"Sọ̀rọ̀ báwo?"

"Ọmọ irin kan já, mà. Lánàá, bí aago mẹ́wàá ààbọ̀. Ọ̀gá Àjàní ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, 'Ẹ gbọ́ ná, ẹ má tíì kọ ọ́.'"

"Wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi yẹn náà?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, mà. Kódà àwàdà tọ́ọ̀ṣì. Àwa tiẹ̀ rẹ́rìn-ín." Ojú tì í. "Ẹ má bínú. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ibẹ̀ kàn dákẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú ò sí. Atẹ́gùn ò sí. Ó wá dún: kẹ̀ǹ."

"Èwo nínú wọn?"

"Ti gábàsì. Èyí tó kọjú síbí."

Lánàá, ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, Adétutù ń fún aṣọ. Ó ti rò ó pé: Josiah ti dúró níwájú wọn báyìí. Nǹkan kan gbọ̀n láyà rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Àwọn ife tánganran orí pẹpẹ dún mọ́ ara wọn. Ìyá rẹ̀ pè é láti yàrá: "Tutù, ṣé ọkọ̀ agégẹdú ló kọjá ni?"

Ọkọ̀ kankan kò kọjá.

Ní Wẹ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, ó pinnu pé òun kò ní ronú. Ó bu omi sínú ọpọ́n, ó jókòó tì í, ó ń ka sáàmù. Aago mẹ́wàá lù. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣàdédé rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn rẹ̀, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún Josiah.

Àwọn adìyẹ ẹ̀hìnkùlé dákẹ́. Ẹ̀rọ ìlọta òdìkejì ọ̀nà dákẹ́. Omi inú ọpọ́n ṣe òrùka kan, òrùka náà fẹ̀ títí ó fi kan etí. Àwọn ife dún.

Nígbà tó gbójú sókè, ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀ ti là. Ó tín-ín-rín bí irun.

Kò nílò kí Zubaidah sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n Zubaidah sọ ọ́. Ọmọ irin ti tún já. Alángbá kan náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ẹ̀ka mìíràn ti ń wá dúró sójú fèrèsé. Josiah sọ fún wọn pé òun lòun tún ọ̀pá inú rẹ̀ ṣe. Ó ní ìkòkò òun ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì ní ìlú òkèèrè. Ó ní àwọn àlejò yóò wá wò ó láti ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́.

"Ìkòkò òun," ni Adétutù wí.

Ife kan yí kúrò lórí pẹpẹ. Ó fọ́.

Zubaidah wo ife náà. Ó wo Adétutù. Ó ní ìyá òun ń pe òun.

Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Zubaidah dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó na pépà kan sí i. Ó pọ́n, ó nípọn, okùn wẹ́wẹ́ hàn nínú rẹ̀.

"Àwa la ṣe é, mà. Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ la sè, a gún un, a sẹ́ ẹ, a sá a sóòrùn. Ọ̀gá Àjàní ló kọ́ wa."

"Kò sí nínú ìwé mi."

"Rárá, mà. Orí ara wọn ni wọ́n ti mú un jáde. Wọ́n ní bí ará Ṣáínà bá lo èèpo igi tó wà lẹ́yìnkùlé wọn, kí àwa lo ti ẹ̀yìnkùlé wa."

Adétutù gbé pépà náà síwájú oòrùn tó ń wọ̀. Ó lẹ́wà. Ó jẹ́ irú ohun tó yẹ kí òun ti ronú kàn. Èyí tí Josiah jí dùn ún. Ṣùgbọ́n èyí tí kò jí yìí dùn ún jù. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ bó ṣe dúró, ojú sì tì í, ìtìjú náà kò sì dín in kù.

Àyà rẹ̀ gbọ̀n.

Ilé náà gbọ̀n tẹ̀ lé e. Ìlà tó wà lára ògiri sáré gòkè títí dé àjà. Amọ̀ já bọ́ sórí ìrọ̀rí ìyá rẹ̀, ìka mẹ́rin sí orí.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ìyá rẹ̀ kò kígbe. Ó ń wò ó láti orí ibùsùn.

"Tutù. Kí lò ń rò nígbà tí ilé ń mì?"

Adétutù gbé e lọ sí yàrá kejì. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó ń tẹ́ ẹ sílẹ̀.

"Mo gbàdúrà nítorí ògiri yẹn," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kì í ṣe ara ògiri ló ti ń wá."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n bá ọmọ irin nínú ẹnu ọ̀pọ̀lọ́ ní Alákíà. Láti Fúráìdeè ni yàrá náà ti wà ní títì.

Adétutù wọ mọ́tò lọ sọ́nà Akáńràn. Mùjíbátù ń po amọ̀.

"Ìyá, kí lẹ fi sínú ìkòkò mi?"

"Amọ̀. Omi."

"Kí tún ni?"

"Ìwọ lo fọwọ́ síbẹ̀. Ṣé o rí ọwọ́ mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́. Kí ló ń gbọ́?"

"O ní ohun tó bá ń mì lọ́nà jíjìn ni kó máa gbọ́. Ṣé kò gbọ́ ni?" Ó wo ojú rẹ̀, ó wá rọ ohùn. "Ọmọ mi, ìwọ ò lè bá ọkàn rẹ sọ̀rọ̀ kó jókòó?"

"Wọ́n rẹ́ mi jẹ."

"Mo gbọ́. Ìkòkò ò mọ ìyẹn. Mímì ló mọ̀."

"Bí mo bá fọ́ ọ ńkọ́?"

Ọwọ́ Mùjíbátù dúró nínú amọ̀. "Wo àtàǹpàkò rẹ ná."

Adétutù wò ó. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ìlà kankan kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Ó dán bí ẹyin adìyẹ.

"Má fọ́ ọ," ni Mùjíbátù wí. Nígbà tí Adétutù ń lọ, obìnrin náà ti yí àga rẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni àwọn àlejò dé. Adétutù lọ sí Alákíà. Kò ní ètò kankan lọ́kàn. Ó kàn mọ̀ pé bí òun bá jókòó sí Ẹ̀rúnmu lọ́jọ́ náà, ilé náà kò ní dúró.

Wọ́n ti gbé ìkòkò náà sáàárín yàrá, wọ́n to àga yí i ká. Olórí ẹ̀ka jókòó pẹ̀lú àlejò méjì. Josiah dúró níwájú pátákó ní apá gúúsù, ó wọ agbádá funfun. Ó ti kọ orúkọ sókè pátákó, gẹ́gẹ́ bí Adétutù ṣe máa ń ṣe. Ó kọ Zhang Heng. Ó wá kọ J. A. Àjàní sí abẹ́ rẹ̀.

Adétutù wọlé láti ẹnu ọ̀nà tó wà ní kọ̀rọ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn pátákó. Ẹnikẹ́ni kò rí i.

"Ìkòkò mi yìí," ni Josiah ń sọ, "gábàsì ló máa ń tọ́ka sí. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù."

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́.

Kẹ̀ǹ.

Kì í ṣe ti gábàsì. Alángbá tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ló jọ̀wọ́ ọmọ ẹnu rẹ̀. Orí mẹ́tàlélógún yí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tẹ̀ lé ojú alángbá náà, ojú wọn sì bà lé Adétutù.

"Ta nìyẹn?" àlejò kan bèèrè.

Adétutù fẹ́ kúrò ní ojú wọn. Ó rìn lẹ́bàá ògiri, ẹsẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún.

Kẹ̀ǹ. Alángbá kejì. Ó ń wò ó.

Ó dúró. Ó gbọ́ mímí ara rẹ̀. Ó tún rìn. Kẹ̀ǹ. Ó dé ẹ̀yìn yàrá. Kẹ̀ǹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà létí ibẹ̀ gbé àga rẹ̀ sá fún un. Ó dé ọ̀gangan fèrèsé. Kẹ̀ǹ. Ó dé ọ̀dọ̀ alángbá gábàsì. Kẹ̀ǹ. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka Àyátù Kúrísíyù lábẹ́lẹ̀. Adétutù kò lè dúró mọ́. Ó dà bí ẹni pé ìkòkò náà ló ń fi okùn fà á yípo. Kẹ̀ǹ. Èkeje.

Alángbá kan ṣoṣo ló kù. Ó kọjú sí pátákó. Ó kọjú sí Josiah.

Adétutù lọ dúró níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ wo ojú tó ti ń rí láti oṣù méjì sẹ́yìn, tó ń pàtẹ́wọ́, tó ń rẹ́rìn-ín. Kò rí i. Ọkùnrin kan ló rí, ètè rẹ̀ gbẹ, òógùn ń ṣàn wọ agbádá rẹ̀. Àwọ̀ omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wọ inú èékánná rẹ̀, ó dúdú, kò tíì fọ̀ kúrò. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ po ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn.

Ó dúró, ó ń retí ìró náà. Kò dún. Ó tẹ́tí sí àyà rẹ̀. Kò sí ohun tó ń mì níbẹ̀.

"Gbà," Josiah wí. Ó ki ṣọ́ọ̀kì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Gbà á, Tutù. Ṣá jẹ́ kó dákẹ́."

Josiah gba àárín àwọn àga jáde. Bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò padà mú un. Wọ́n gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀ tó ń lọ sápá Akáńràn, níbi tó ń gbé.

Olórí ẹ̀ka dìde dúró. "Mísì Adétutù. Ẹ máa bá kọ́ọ̀sì yín lọ."

"Ṣé torí pé tèmi ni, sà, àbí torí pé ẹ̀rù ń bà yín?"

Olórí ẹ̀ka tún jókòó.

"Tiwọn ni, sà," Zubaidah wí láti ìlà kejì. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Àwọn ló ṣe é. Gbogbo wa la mọ̀. A kàn dákẹ́ ni."

Adétutù nu orúkọ Josiah kúrò. Ó kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ kan pátákó dúdú náà, ẹfun ṣọ́ọ̀kì fi ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó rí róbótó, láìsí ìlà kankan. Ó kọ Mùjíbátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà.

"Ẹ gbọ́ ná, ẹ má tíì kọ ọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dúró ní oṣù kìn-ín-ní. Ó sọ fún wọn nípa ọmọ idẹ tó já láàfin, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n lára, àti bí wọ́n ṣe dúró de oníṣẹ́. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. Oṣù méjì ló ti ń fẹ́ ohun tó ń ṣe yìí, ó sì ti dé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ó ti yẹ. Ẹnì kan tiẹ̀ ṣí ìwé.

Ìró ìwé náà dákẹ́. Àwọn ẹyẹ orí igi ìta dákẹ́.

Kẹ̀ǹ.

Alángbá kẹjọ. Èyí tó kọjú sí pátákó, sí gúúsù, sí ọ̀nà Akáńràn.

Ojú gbogbo wọn lọ sára Adétutù. Ó gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀. Àyà náà kò mì.

"Èmi kọ́," ni ó wí.

Ó yíjú sí fèrèsé apá gúúsù. Ọ̀nà náà ṣófo. Ó mọ ohun tó ń ṣe Josiah lọ́hùn-ún. Ó mọ bó ṣe wúwo tó, ibi tó ń jókòó sí láyà, àti pé kì í lọ lẹ́yìn àdúrà. Ó ronú nípa ògiri yòówù tí ẹni náà fẹ̀yìn tì.

Kò sí ẹni tó ní kó ṣe ohun tó ṣe tẹ̀ lé e. Ó padà sídìí pátákó. Lábẹ́ orúkọ tirẹ̀ àti ti Mùjíbátù, ó kọ lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè rí i kà:

Pépà ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀: Josiah Àjàní ló ṣe é.

Ó lọ bá ìkòkò náà. Ó yọ ọmọ irin kúrò lẹ́nu ọ̀pọ̀lọ́ kẹjọ. Ó gbóná bí ọwọ́ ènìyàn. Ó fi í padà sẹ́nu alángbá, ó sì dúró tì í, ó ń tẹ́tí.